Oníbàárà òkè òkun fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́ mi, kò tiẹ̀ ná an: ṣé kí n tà á fún un?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi tó ti dolóògbé fi ọkọ̀ Mercedes-Benz 230SL kan sílẹ̀ fún mi, ọdún 1966 ni wọ́n ṣe é. Mo polówó rẹ̀, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan láti orílẹ̀-èdè mìíràn kọ̀wé pé òun máa rà á ní iye tí mo pè é gan-an. Kò ná an rárá. Ó ní òun ò ráyè wá wò ó. Ó ní sọ̀wédowó báǹkì lòun máa fi ránṣẹ́, òun á sì fi owó ọkọ̀ ojú omi kún un, kí n bá òun san án fún ejẹ́ǹtì tó máa wá gbé e. Ó tún ní kí n ya fọ́tò ìwé ọkọ̀ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ àyà mi ń já. Ṣé kí n gbà? Bí kì í bá sì ṣe ẹni yìí, báwo ni èèyàn ṣe ń ta irú ọkọ̀ báyìí sí òkè òkun láìkó sí wàhálà?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè kí ẹ tó dá a lóhùn, torí ọ̀pọ̀ tó ń kọ̀wé sí mi, ẹ̀yìn tí owó ti lọ ni wọ́n ń wá mi wá. Gbájúẹ̀ lẹni tó kọ̀wé sí yín yìí. Mi ò rí i rí, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà tó ń gbà.

Bó ṣe máa rí nìyí. Sọ̀wédowó náà á dé, á mọ́ tónítóní, orúkọ báǹkì gidi á wà lára rẹ̀, iye tó wà lórí rẹ̀ á sì ju owó ọkọ̀ lọ. Ẹ óò gbé e lọ sí báǹkì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ owó á hàn nínú àkáǹtì yín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Pé owó hàn nínú àkáǹtì yín kò sọ pé báǹkì tó ni sọ̀wédowó ti san án. Báǹkì yín kàn fi tiwọn ṣíwájú fún yín ná ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa là á yé yín bẹ́ẹ̀ lórí káńtà. Láàárín àkókò yẹn ni oníbàárà á máa pè yín tọ̀sán-tòru: ejẹ́ǹtì ń bínú, ọkọ̀ ojú omi fẹ́ ṣí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ óò fi owó ejẹ́ǹtì ránṣẹ́ lọ́nà tí kò ṣe é gbà padà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n á dá sọ̀wédowó padà pé ayédèrú ni. Báǹkì á yọ gbogbo owó náà kúrò nínú àkáǹtì yín, títí kan èyí tí ẹ ti fi ránṣẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, gbèsè nìyẹn.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ń wá gbé ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ yín kọ́ ló wọ̀ ọ́ lójú. Owó ejẹ́ǹtì ló ń wá, torí òun náà ni ejẹ́ǹtì.

Ẹ tún wo ohun tí kò béèrè. Ẹni tó mọ 230SL, èyí tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní Pagoda nítorí òrùlé rẹ̀ tó rì sáàárín, kò ní ṣàì béèrè ìpẹtà. Á ní kí ẹ ya fọ́tò abẹ́ ọkọ̀, abẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ inú ọkọ̀, ibi tí táyà àfipààrọ̀ wà. Á béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde láti iléeṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀, bóyá òrùlé onírin tó ṣe é yọ ṣì wà, àti ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti kùn ún. Irú wọn máa ń yọ ẹni lẹ́nu gan-an ni. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ owó, wọ́n á ná an títí ọ̀fun yín á fi gbẹ. Mo fẹ́ràn irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kówó ńlá lé ohun tó ti lé ní àádọ́ta ọdún láì béèrè nǹkan kan ni kó bà yín lẹ́rù.

Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé ẹ ò ní tà á sí òkè òkun mọ́. Àwọn ojúlówó oníbàárà wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń san ju ti ìtòsí lọ nígbà míràn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí nǹkan ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ohun mẹ́ta ni ẹ ń bójú tó: ọkọ̀, ìwé rẹ̀, àti owó. Ọkọ̀ àti ojúlówó ìwé ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín títí owó á fi di tiyín pátápátá, tàbí kó ti pé lọ́wọ́ alárinà tí ẹ̀yin fúnra yín yàn. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ yí èyí padà, ohunkóhun tí ì báà fi ṣe àwáwí, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Kí a tó dé ìdí owó, ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tí mi ò lè gbójú fò. Ẹ ní bàbá yín ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé rẹ̀? Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ ò tíì lè tà á. Ẹ lọ parí ọ̀rọ̀ ogún náà níbi tí òfin ní kí ẹ ti parí rẹ̀, kí ẹ yí ìwé sí orúkọ yín, kí ẹ sì gba ìfọwọ́sí àwọn tí ẹ jọ ní ẹ̀tọ́ sí i, bí wọ́n bá wà. Aṣọ́bodè ò ní gba ìwé tí orúkọ olóògbé wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ẹrù jáde. Àbúrò tó bá sì jáde lójijì lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ lè sọ ọjà náà di ẹjọ́. Nígbà tí ẹ bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ nọ́ńbà ṣéésì àti ti ẹ́ńjìnnì wò fúnra yín, kí ẹ kà á mọ́ ìwé. Fígọ̀ kan péré tó bá yàtọ̀ lè dá ọkọ̀ dúró ní èbúté fún oṣù gbọọrọ.

Ó kan owó. Fífi owó ránṣẹ́ láti báǹkì sí báǹkì lórí SWIFT, ètò tí àwọn báǹkì àgbáyé fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ owó, ni mo máa ń yàn. Orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn ni àkáǹtì tí owó ti ń bọ̀ gbọ́dọ̀ máa jẹ́. Mi ò gba ti ọ̀rẹ́, mi ò gba ti iléeṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Bó bá jẹ́ àkáǹtì tí wọ́n jí lò ni, lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá figbe ta, báǹkì lè dì owó náà mú tàbí kí wọ́n gbà á padà, nígbà tí ọkọ̀ yín ti wà lójú agbami. Kí oníbàárà sì kọ OUR sórí fọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó máa san owó iṣẹ́ báǹkì, ìyẹn ni pé òun ló máa san gbogbo rẹ̀. Bó bá kọ SHA, pé ẹ jọ máa pín in san, àwọn báǹkì tó wà lójú ọ̀nà lè já nínú rẹ̀, owó tó dé yín á sì dín. Mo ti rí ibi tí ọjà ńlá ti fẹ́ dàrú nítorí owó tí kò tó ra táyà kan.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ìwé kan tó ń jẹ́ MT103 ránṣẹ́ sí yín, pé owó ti ń bọ̀. Ìwé yẹn wà lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni báǹkì fi tọpa owó kí irú tuntun tó rọ́pò rẹ̀ láàárín àwọn báǹkì ní 2025. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà lò lè ṣe ayédèrú rẹ̀ kí omi tó hó. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn lọ sí báǹkì, ẹ bá ẹni tó ń bójú tó owó òkè òkun sọ̀rọ̀, kí ẹ bi í pé: "Ṣé owó yìí ti wọlé tán pátápátá? Ṣé ọ̀nà kankan wà tí ẹni tó fi ránṣẹ́ lè fi gbà á padà?" Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Mo tún máa ń ní kí àwọn èèyàn ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún irú ọjà yìí, torí àjèjì ni ẹ fẹ́ fún ní nọ́ńbà rẹ̀. Tí owó bá ti dé, ẹ kó o lọ síbòmíràn.

Bí ẹ̀yin méjèèjì ò bá lè fọkàn tán ara yín, alárinà wà tó ń di owó mú títí ọkọ̀ á fi dé ibi tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Escrow ni wọ́n ń pè é. Escrow.com ti wà láti 1999, ó sì ń bá àwọn tó ń ra ọkọ̀ ṣe é. Ewu ibẹ̀ ni pé àwọn gbájúẹ̀ náà máa ń ṣí tiwọn, á jọ ti gidi bí ìbejì, lẹ́tà kan péré ló máa yàtọ̀ nínú àdírẹ́sì. Ẹ̀yin ni kí ẹ yan alárinà, kí ẹ sì fi ìka ara yín tẹ àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ má ṣe gba líǹkì lọ́wọ́ oníbàárà. Mi ò gba PayPal fún ọkọ̀, torí ẹni tó sanwó lórí rẹ̀ ṣì lè wá ọ̀nà láti gba owó padà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ. Letter of credit, ìwé tí báǹkì oníbàárà fi ń ṣèlérí pé àwọn á sanwó, dára fún iléeṣẹ́ tó ń kó ọjà lóríṣiríṣi. Fún ọkọ̀ kan ṣoṣo, owó rẹ̀ àti wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù. Owó ṣákálá nínú báàgì ńkọ́? Rárá o.

Ewu kan tún wà tí ẹni tó ń tà kì í fọkàn sí, torí oníbàárà ni wọ́n ń dọdẹ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń bá ọkùnrin kan ta ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kan tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan ti wọ inú ímeèlì wa láìmọ̀, wọ́n ń ka gbogbo ohun tí à ń sọ, wọn ò dún. Lọ́jọ́ tí owó yẹ kó wọlé, oníbàárà gba lẹ́tà láti ímeèlì mi gan-an, pé a ti yí àkáǹtì padà. Ohun tó kó o yọ ni pé ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn nígbà yẹn, mo sì máa ń béèrè ara rẹ̀ nínú gbogbo lẹ́tà mi. Lẹ́tà yẹn ò kí ìyàwó. Ló bá fi fóònù pè mí. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ni mo fi ń sọ nọ́ńbà àkáǹtì, lórí fóònù tàbí fídíò, mo sì ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé nọ́ńbà yẹn ò ní yí padà láé. Oníbàárà á kọ́kọ́ fi owó kékeré ránṣẹ́, èmi á sọ iye tó wọlé fún un gẹ́lẹ́, ìgbà náà ló tó fi ìyókù ránṣẹ́.

Ní ti fọ́tò ìwé ọkọ̀ tó béèrè, ẹ ò tíì fún un ná, àbí? Ó dáa. Fọ́tò ọkọ̀ yín pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ti tó fún gbájúẹ̀ láti lọ "ta" ọkọ̀ kan náà fún èèyàn márùn-ún níbòmíràn. Wọ́n tún lè fi nọ́ńbà ṣéésì yín bo ọkọ̀ tí wọ́n jí mọ́lẹ̀, pàápàá ọkọ̀ àtijọ́. Nọ́ńbà onífígọ̀ àti lẹ́tà 17 tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, 1981 ni Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan. Ṣáájú ìgbà yẹn, bó ṣe wu iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, kò sì rọrùn láti mọ ayédèrú. Fún ẹni tó bá béèrè níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ hàn án lórí fídíò. Tí ọ̀rọ̀ bá ti wọra, kí ó fi ìwé ìdánimọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó fi ti ọkọ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ àti déètì gàdàgbà sórí fọ́tò náà.

Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó rán ẹni tó mọ ọkọ̀ wá wò ó, kó sì jẹ́ òun ló máa sanwó fún un. Bí kò bá fẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ fún un láyè, òun ló kọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ tú gbogbo àléébù rẹ̀ síta: ibi tó ń jò, ibi tí wọ́n ti jó mọ́ra, aago kìlómítà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnu máa ń dun àwọn tó ń tà láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àléébù tí ẹ bá ti kọ sílẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i, kò lè fi pè yín lẹ́jọ́. Kí àdéhùn náà sọ òfin orílẹ̀-èdè tí ẹ óò tẹ̀ lé bí ìjà bá dé, ti ibi tí ẹ wà ni kó jẹ́. Kó tún sọ iye àsansílẹ̀, ọjọ́ tí ìyókù gbọ́dọ̀ wọlé, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá wọlé.

Òfin ibi tí ọkọ̀ ń lọ, oníbàárà ló ni ín, àmọ́ ó yẹ kí ẹ̀yin náà gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, torí ọkọ̀ tí wọ́n bá dá padà ní èbúté, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Amẹ́ríkà máa ń yọ ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 25 nínú àwọn òfin ààbò wọn, Kánádà ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 15, nítorí náà 1966 ò ní níṣòro níbẹ̀. Ibi tí mo máa ń bẹ̀rù ni Ọsirélíà. Wọn ò gba ohunkóhun tó bá ní asbestos (ohun èlò kan tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) nínú wọlé, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ayé ọjọ́un kún fún un: bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì, gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní láti pààrọ̀ wọn, kó sì ní ẹ̀rí. Lápá kejì, àwọn orílẹ̀-èdè European Union máa ń dín owó orí kù fún ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 30 tó ṣì wà bí iléeṣẹ́ ṣe ṣe é. Bí oníbàárà yín bá ti ibẹ̀ wá, kò ní fẹ́ kí ẹ pààrọ̀ ohunkóhun kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé òfin ibi tí ẹ wà náà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ka ọkọ̀ àtijọ́ sí ohun àjogúnbá: ní Ítálì, ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún 75 gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó jáde. Ní Amẹ́ríkà, ojúlówó ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ aṣọ́bodè ní wákàtí 72, ó kéré tán, kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ jáde. Ìbéèrè kan lọ́fíìsì aṣọ́bodè tiyín á yanjú èyí.

Ó ku ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Oníbàárà ló ń wá ẹni tó máa gbé e, òun ló sì ń sanwó fún wọn tààrà. Owó ọkọ̀ ojú omi ò gbọdọ̀ gba ọwọ́ yín kọjá, kódà bó bá jẹ́ ojúlówó oníbàárà. Nínú àwọn ìlànà Incoterms tí International Chamber of Commerce gbé kalẹ̀ láti sọ ibi tí iṣẹ́ àti ewu ẹni tó ń tà parí sí, ẹ̀dà 2020 ni wọ́n ń lò báyìí, FCA ni mo fẹ́ fún ẹni bíi tiyín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀yin á parí ìwé ìjáde pẹ̀lú aṣọ́bodè, ẹ óò fa ọkọ̀ lé iléeṣẹ́ tó ń gbé e lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti fẹnu kò sí, láti ibẹ̀ lọ ewu di ti oníbàárà. Àwọn kan á sọ pé EXW ló rọrùn jù torí ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n ti máa gbé e. Òótọ́ ni, àmọ́ EXW fi ọ̀rọ̀ ìwé ìjáde sílẹ̀ fún ẹni tó wà lókè òkun, tí òfin ibi tí ẹ wà lè má gbà láyè láti ṣe é.

Ọjọ́ tí dírẹ́bà bá dé, ẹ pe iléeṣẹ́ tó rán an níṣẹ́, nọ́ńbà tí ẹ bá fúnra yín wá ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, àti gbogbo ara ọkọ̀ yín yíká. Kó fọwọ́ síwèé. Kí epo tó wà nínú táǹkì má ju ìdá mẹ́rin kan lọ. Ẹ kó gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ kúrò, pàápàá bó bá jẹ́ RoRo, níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ wọnú ọkọ̀ ojú omi. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lè má dé. Kọ́kọ́rọ́ kan ni kí ẹ fún wọn. Ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sí oníbàárà tí ọkọ̀ bá ti gbéra.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ bill of lading fún, ìwé ẹrù tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi máa ń kọ, ẹ mọ̀ pé ìwé yẹn ni ọkọ̀. Ojúlówó mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀, ẹni tó bá mú ọ̀kan dé èbúté ni wọ́n máa kó ọkọ̀ fún. Bí owó kò bá tíì pé, ìwé wọ̀nyẹn ò gbọdọ̀ jáde nílé yín.

Ẹ ní kó gba ínṣọ́ránsì ojú omi, ní iye tí ẹ jọ gbà pé ọkọ̀ náà tó. Ní February 2022, iná sọ nínú ọkọ̀ ojú omi Felicity Ace nítòsí erékùṣù Azores, ó sì rì ní ọjọ́ kìíní oṣù March pẹ̀lú nǹkan bí 4,000 ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ewu ò sí lọ́rùn yín mọ́ lábẹ́ FCA, àmọ́ oníbàárà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá rì láìní ínṣọ́ránsì á wá ẹni tó máa dá lẹ́bi.

Tó bá ti gbéra, ẹ sọ fún àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ pé ó ti kúrò ní orílẹ̀-èdè. Àwo nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́? Kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín ni kí ẹ ti tú u, bí òfin bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fòpin sí ínṣọ́ránsì tiyín títí ẹ ó fi rí ìwé pé ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e.

Ní ti ẹni tó kọ̀wé yìí, ẹ tọ́jú àwọn lẹ́tà rẹ̀, kí ẹ fi wọ́n tó ọlọ́pàá létí. Bí sọ̀wédowó bá ti wà lọ́nà, ẹ má gbé e lọ san. Ẹ fi han báǹkì yín bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ àti ilé bàbá bóyá ẹ óò rí káàdì tí Mercedes-Benz fi ń kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, àwọ̀ àti ohun tí ọkọ̀ bá jáde. Bó bá ti sọnù, ẹ̀ka Classic tiwọn lè bá yín wá ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ sì wo àgbàlá dáadáa, bóyá òrùlé onírin yẹn wà níbì kan tí ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Owó ńlá ni.